Dískẹ́ẹ̀tì Orí Rédíò

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìlá, bàtà la máa ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà kí a tó wọlé lọ bá kọ̀ǹpútà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A ó bọ́ ọ bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́sálásí, a ó sì nu ẹsẹ̀ mọ́ àkísà tútù kan tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Wọ́n ní eruku ni ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n ní òógùn náà ò dára fún un, torí náà ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn dé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó síta kí ara rẹ̀ tutù. Ní ìjẹta, mo rí ọmọ àbúrò mi tó ń fi ìka tó fi ń jẹ ẹ̀bà tẹ fóònù. Fóònù yẹn lágbára ju gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà ní Òṣogbo láyé ìgbà náà lọ, bí a tilẹ̀ kó gbogbo wọn pọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mi ò tíì dàgbà tó ẹni tó ń sọ ìtàn ìgbà èwe. Òótọ́ ni, ewú orí mi ò tíì pọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti dískẹ́ẹ̀tì bọ inú ẹ̀rọ rí, arúgbó ni. Kọ̀ǹpútà náà sì ni iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Mo ń tún un ṣe, mo ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń lò ó, mo sì ń bínú sí i lójoojúmọ́.

Tí ẹ bá bi mí, àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ò dára ju ti ìsinsìnyí lọ rárá. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń sọ bẹ́ẹ̀, irọ́ ni wọ́n ń pa. Wọ́n ti gbàgbé bí a ṣe máa ń tan kọ̀ǹpútà, tí a ó jẹ odindi bọ́rẹ́dì tán kó tó jí. Wọ́n ti gbàgbé ariwo rẹ̀, bí ẹni ń lọ ata. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi yin ìgbà náà ni pé ẹ̀rù ẹ̀rọ ń bà wá, ẹni tí ẹ̀rù sì ń bà máa ń ṣọ́ra. Àwa náà kúkú rò pé à ń ṣọ́ra.

Èyí tí mo kọ́kọ́ mọ̀ wà ní Òṣogbo, ní Òkè-Fìà, nínú yàrá kékeré kan tí wọ́n kọ "bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà" sára ògiri rẹ̀. Àǹtí kan ló ni ibẹ̀, ọ̀rẹ́ ìyá mi láti ilé ìwé. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe iṣẹ́ atẹ̀wé fún ìjọba lórí táípúráítà kó tó fiṣẹ́ sílẹ̀, tó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn, tó sì ra ọ̀kan. Ó rán aṣọ léèsì funfun fún un: ọ̀kan fún ojú rẹ̀, ọ̀kan fún ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan fún àpótí ìsàlẹ̀. Láràárọ̀, á ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á ká wọn, á di ojú, á gbàdúrà ráńpẹ́, kó tó tan án. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé ṣé kọ̀ǹpútà ló ń gbàdúrà fún. Ó ní rárá o, àwọn oníná ni, kí Ọlọ́run fọwọ́ kan ọkàn wọn.

Tíṣà ni bàbá mi ní Iléṣà, gbogbo ènìyàn ló sì ń pè é ní Tíṣà, títí kan ìyá mi. Ó ní ìwé mẹ́ta, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle, tó kọ̀wé kún. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìbòkun ni ìyá àgbà ń gbé, kò kàwé, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa ẹbí wa: ìgbà tí àwọn ará ilé wa kúrò ní Ifẹ̀wàrà, ẹni tó kọ́kọ́ gbin kòkó nínú wọn, oko ta ló bá ti ta ni pààlà, ìyàwó wo ló kọ ọkọ rẹ̀ àti ìdí tó fi kọ̀ ọ́. Ní ọjọọjọ́ Sátidé, fún bí ọdún mẹ́rin, bàbá mi á gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí Ìbòkun, á jókòó ti ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa obì, á máa bi í léèrè, á sì máa kọ. Bó ṣe sọ ọ́ ló ṣe kọ ọ́, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé.

Lẹ́yìn náà ìyá àgbà kú. Bàbá mi wá pinnu pé nígbà tó bá pé ọdún kan, tí gbogbo ẹbí bá péjọ sí Ìbòkun fún ìrántí rẹ̀, òun yóò ka ọ̀rọ̀ ìyá òun sí wọn létí, ilé kọ̀ọ̀kan yóò sì gba ẹ̀dà tirẹ̀ lọ. Kì í sì í ṣe ìwé àfọwọ́kọ o. Kọ̀ǹpútà ni.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ Òṣogbo ni àǹtí, kò gbọ́ Ìjẹ̀ṣà, ìkọ̀wé bàbá mi sì dà bí ibi tí adìẹ ti tú ilẹ̀. Bí bàbá mi bá kọ "ulé," àǹtí á tẹ "ilé," á ní òun ń bá a tún un ṣe ni. Nítorí náà, nígbà ọlidé gígùn, wọ́n fi mí sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ mi ni kí n jókòó tì í, kí n máa ka ìwé náà sókè, kí òun máa tẹ̀ ẹ́. "Ọmọ Ìjẹ̀ṣà," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "kà á o, má kọ ọ́ lórin." Bí mo bá kà á kánkán, á gbá mi lọ́wọ́. Bí mo bá kà á jẹ́jẹ́, á ní ṣé mo ti sùn lọ ni.

Kọ̀ǹpútà náà ò mọ àmì ohùn, kò sì mọ àmì abẹ́ lẹ́tà. Ọkọ tí obìnrin fẹ́ ni o, oko tí a ń ro ni o, ọkọ́ tí a fi ń ro ó ni o, bákan náà ló ń kọ gbogbo wọn. Bàbá mi ti gbà pé bí wọ́n bá tẹ ìwé náà jáde tán, òun yóò jókòó, òun yóò fi báírò fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, fóònù tí kò níláárí rárá pàápàá ní gbogbo àmì wọ̀nyẹn nínú, ẹni tó ni ín ò sì ní tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, mi ò ní purọ́.

Kí n má tàn yín, ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ò jẹ mí lógún nígbà náà. Kọ̀ǹpútà ló jẹ mí lógún. Tí a bá fi í sílẹ̀ díẹ̀ láìfọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, ìràwọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò bọ̀ wá bá wa láti inú òkùnkùn náà. Eré káàdì kan sì wà nínú rẹ̀. Tí ènìyàn bá fi ọgbọ́n to gbogbo káàdì náà pé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ta kiri ojú kọ̀ǹpútà bí ẹ̀pà tí wọ́n ń yan nínú yanrìn gbígbóná. Àǹtí jẹ́ kí n ta á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo tò ó pé, káàdì sì fò. Láti ọjọ́ náà, mo ń ka ìwé ni, ọkàn mi ò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ parí ìwé kẹta, àǹtí ṣèlérí fún mi pé bí a bá parí kí ilẹ̀ tó ṣú, òun yóò jẹ́ kí n ta káàdì títí òun yóò fi ti ṣọ́ọ̀bù. Mo kàwé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí ajá ń lé. Ọ̀sán ni àwọn oníná mú iná, gbogbo ohun tí a ti ń tẹ̀ láti àárọ̀ sì lọ pátápátá, nítorí àǹtí ò tíì fi í pamọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀rọ yín ń fi nǹkan pamọ́ fúnra rẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó ń ṣe é. Nígbà tiwa, tí o ò bá sọ fún un pé kó pa á mọ́, kò mọ̀ ọ́n rí. Àǹtí káwọ́ lérí, ó ní, "Wọ́n ti pa mí o!" Nígbà tí wọ́n mú iná dé, a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn mi ti há. Gbogbo ohun tí mo ti kà láàárọ̀ ni mo tún kà lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tó ku díẹ̀ ká parí, oníbàárà kan wá ṣe fọ́tòkọ́pì, àǹtí dìde lọ dá a lóhùn. Mo ṣí ojú ìwé tó kàn, mo wò ó. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Ìlà bíi mẹ́rin ló wà lókè, lẹ́yìn náà orúkọ mẹ́ta, ọ̀kan lábẹ́ èkejì. Mo fojú ka ìlà àkọ́kọ́, mo rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ìyá àgbà bí ṣáájú bàbá mi ni, àwọn mẹ́ta tó kú ní kékeré. Mo wí lọ́kàn ara mi pé àwọn tó ti kú, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, kí la fẹ́ fi orúkọ wọn ṣe? Àǹtí padà dé, ó jókòó, ó ní, "Ibo la dé?" Mo ti ṣí ìwé síwájú. Mo fi ìka lé ojú ìwé tó tẹ̀lé e. A parí rẹ̀ láìpẹ́, mo sì ta káàdì mi.

Àǹtí kó gbogbo iṣẹ́ náà sínú dískẹ́ẹ̀tì kan. Ẹ̀yin tí ẹ ò rí i rí, nǹkan pẹlẹbẹ oníke ni, kò tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, ó ní irin kékeré kan lẹ́nu tí a lè fà lọ fà bọ̀. Aláwọ̀ búlúù ni tiwa. Ó wá pa èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, nítorí ikùn kọ̀ǹpútà ìgbà náà kéré, iṣẹ́ ẹlòmíràn sì ń dúró. Títẹ̀ ẹ́ sórí bébà di ìgbà tí ọjọ́ ìrántí bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, kí bàbá mi lè fi ìyókù ọ̀rọ̀ kún un bó bá ní òmíràn.

Bàbá mi gba dískẹ́ẹ̀tì náà bí ẹni gba oyè. Ó fi áńkáṣíìfù funfun wé e. Rédíò wa, àpótí ńlá oníkásẹ́ẹ̀tì, ni nǹkan tó níyì jù ní pálọ̀ wa, orí rẹ̀ ló sì gbé e lé, lókè ibi tí ohùn ti ń jáde gan-an. Àlejò kì í wọlé kó má tọ́ka sí i. Á ní, "Ẹ wo ìyá mi níbẹ̀ yẹn." Àlejò á wò ó títí, á mirí, á ní ayé ti dayé òyìnbó. Láràárọ̀, bàbá mi á yí ohùn rédíò sókè láti gbọ́ ìròyìn, dískẹ́ẹ̀tì á sì máa gbọ̀n rìrì lórí rẹ̀.

Ìwé mẹ́ta náà wá kù lórí tábìlì. Láyé ìgbà yẹn, ìwé tí a bá ti lò tán kì í di ìdọ̀tí. Ìwé ìdánwò, ìwé ìròyìn, iṣẹ́ àmúrelé àwọn ọmọ ilé ìwé, ọ̀dọ̀ aláàkàrà àti ẹlẹ́pà ló ń lọ, kí wọ́n lè fi pọ́n ọjà wọn. Bàbá mi ní kí ìyá mi kó àwọn ìwé náà fún ẹlẹ́pà tó wà níwájú ilé ìwé. Ìyá mi kọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ìwé yìí ò jẹ, kò mu. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀." Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ó ti wọ kọ̀ǹpútà," ló wí. "Ohun tó bá ti wọ kọ̀ǹpútà, ó wọ̀ ọ́ títí ayé nìyẹn." Èmi náà gbè é lẹ́yìn. Ta ló tún mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ ní ilé wa? Ìyá mi kó ìwé, ó lọ.

Nígbà tí ìrántí ku ọ̀sẹ̀ méjì, èmi àti bàbá mi wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Òṣogbo. A bọ́ bàtà, a nu ẹsẹ̀, a wọlé. Àǹtí ti dískẹ́ẹ̀tì bọ ẹnu kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ha kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́, ó tún ha, ó wá fi èdè òyìnbó kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé òun ò rí ohunkóhun kà níbẹ̀. Àǹtí yọ ọ́, ó fẹ́ ẹnu rẹ̀, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó tún tì í bọ̀ ọ́. Bákan náà ni. Ó ṣe é bí ìgbà mẹ́fà. Ó wá bi bàbá mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo lẹ tọ́jú ẹ̀ sí?"

Bàbá mi sọ fún un pé orí rédíò ni, ibi tó níyì.

Àǹtí yọ dískẹ́ẹ̀tì náà kúrò. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé fún un pé òòfà, irin tó ń fa irin, wà nídìí ibi tí ohùn rédíò ti ń jáde, òòfà ni kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró nínú dískẹ́ẹ̀tì. "Ọ̀rọ̀ náà ti pa rẹ́, sà. Ó yẹ kí n ti kìlọ̀ fún yín." Bàbá mi ṣí fìlà. Ó ní, "Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí ńkọ́?" Àǹtí ní òun ti pa á rẹ́. Bàbá mi dúró síbẹ̀ láìwọ bàtà, ó ń wo aṣọ léèsì.

A wọ bọ́ọ̀sì padà sí Iléṣà. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, bàbá mi ní, "Mo mú ọ̀rọ̀ ìyá mi, mo fi pọ́n ẹ̀pà." Kò pariwo. Mo wò ó, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ìyá mi ò sọ pé "mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó wé gèlè mọ́rí, ó fà mí lọ́wọ́, a sì sáré lọ bá ẹlẹ́pà. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ìwé kìíní àti ìkejì ṣì wà lódindi lábẹ́ tábìlì rẹ̀. Ìkẹta ló ti ń fà ya, láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú, nítorí ẹ̀yìn ìwé náà ti já. Ẹlẹ́pà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ẹ̀yin lẹ kúkú ní kí n máa lò ó," ló ń wí. Ó fi gbogbo ibi tí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń lọ hàn wá, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. A rí ìwé díẹ̀ nínú àpò àwọn ọmọ ilé ìwé, ìyọ̀ ẹ̀pà ṣì wà lára wọn. A rí ọ̀kan lọ́wọ́ fọkanáísà tó ń fi nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀. Ìyókù wà nínú gọ́tà, òjò sì ti rọ̀ lé wọn. Nígbà tí a to gbogbo rẹ̀ pọ̀ tán lórí tábìlì, ojú ìwé méje tó kẹ́yìn ni kò sí.

Bàbá mi jókòó tì í, ó fọwọ́ lérán. Ìgbà náà ni mo sọ pé, "Dádì, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Èmi ni mo kà á sókè, sà. Nígbà tí wọ́n mú iná, mo tún un kà."

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Ó fa báírò yọ. Mo di ojú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí mo ṣe kà á fún àǹtí, pẹ̀lú orin tí àǹtí ní kí n má kọ. Ojú ìwé kan tán, èjì tán, ẹ̀ta tán. Ohùn ìyá àgbà ń ti ẹnu mi jáde, ìyá mi sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń nu ojú. Bàbá mi ń kọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni! Bẹ́ẹ̀ gan-an ló wí!" Mo ka mẹ́fà tán. Mo lajú.

Bàbá mi ní, "Ó ku ọ̀kan. Ojú ìwé àwọn ọmọ yẹn." Ó wá ṣàlàyé fún wa pé ọmọ mẹ́ta ni ìyá òun bí ṣáájú òun, kò sì ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ tó dárúkọ wọn fún òun láyé rẹ̀. Ìyá àgbà ti pa obì tó ń ṣà tì lọ́jọ́ náà. Ó ní kí bàbá mi kọ ọ́, nítorí bí òun bá lọ, kò sí ẹni tí yóò tún pè wọ́n mọ́. Bàbá mi ronú, ó rántí orúkọ àkọ́kọ́. Ó ronú títí, ó rántí ìkejì. Ẹ̀kẹta ò wá. Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ló kà á. Kí lorúkọ ẹ̀kẹta?"

Mo ní, "Mo ti gbàgbé, sà."

Ó ní kò burú. Ó ní ta ni yóò rántí mẹ́fà nínú méje? Ó gbá mi mọ́ra, ó ní orí ọmọ yìí, kọ̀ǹpútà ni. Bí wọ́n ṣe ń pè mí ní Kọ̀ǹpútà nìyẹn ní gbogbo ẹbí, títí di òní olónìí, àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò mọ orúkọ mi gan-an.

Èmi àti àǹtí tún gbogbo ìwé náà tẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, mi ò lọ sílé ìwé. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ bàbá mi. Ní gbogbo ojú ìwé tí a bá ti parí, ó ń fi í pamọ́, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a dé ibi orúkọ, ó bi bàbá mi pé ṣé kí òun pa ìlà kẹta rẹ́, kó má baà ṣófo. Bàbá mi ní rárá, kó fi àyè sílẹ̀. Ó ní, "Ó lè wá sí ọmọ yìí lọ́kàn."

Ní Ìbòkun, ó kà á sí gbogbo ẹbí létí lábẹ́ àtíbàbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, wọ́n jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ààlà oko. Nígbà tó dé ibi àwọn ọmọ, ó pe orúkọ kìíní, ó pe ìkejì, ó dánu dúró. Ìyá arúgbó kan ní iwájú gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ̀kẹta ńkọ́?" Bàbá mi wo ibi tí mo jókòó sí. Ó ní, "Ó ń bọ̀ o." Ojú tì mí lọ́jọ́ náà dé ibi tí mi ò lè jẹun.

Ọdọọdún, bí ọjọ́ ìrántí ìyá àgbà bá ti pé, bàbá mi á pè mí. Mo lọ sí yunifásítì, ó ń pè mí. Mo lọ́kọ, mo bímọ, ó ń pè mí. Kì í gùn. Á ní, "Kọ̀ǹpútà, kò tíì jáde?" Èmi á ní, "Kò tíì jáde, sà." Á ní kò burú, á sì béèrè àwọn ọmọ. Ó pè mí bẹ́ẹ̀ ní ọdún tó kú.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ènìyàn wá ohun tó sọnù nínú ẹ̀rọ wọn. Mo ti bá ìyàwó wá fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀, mo ti bá ọmọ yunifásítì wá iṣẹ́ àṣekágbá tó ti sunkún lé lórí. Ẹni tó bá bi mí nípa ẹ̀rọ ìsinsìnyí, mo máa ń sọ fún un pé wọ́n dára, wọ́n yára, kí ó ra èyí tí bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, kí ó má da ara rẹ̀ láàmú nítorí kámẹ́rà mẹ́rin. Kí ó pa ohun tó bá ṣe pàtàkì mọ́ sí ibi mẹ́ta, kí ọ̀kan jẹ́ bébà. Ayé ti yí padà lóòótọ́. Kò sí ẹni tó ń bọ́ bàtà mọ́, ìbẹ̀rù ti lọ, ẹ̀rọ sì ń rántí ohun gbogbo tí a bá fún un, títí kan ohun tí kò yẹ kó rántí.

Ìwé ìyá àgbà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti gbé e kúrò nínú dískẹ́ẹ̀tì tuntun tí àǹtí fi pa á mọ́ sínú síídì, kúrò nínú síídì sínú fílásì, kúrò nínú fílásì sórí fóònù, mo sì ti fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí bàbá mi ṣe fẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ò bọ́ nínú gbogbo ìrìn àjò yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀yin ọmọ ẹbí lórí fóònù yín, ọ̀kan nínú yín sì kọ̀wé padà lójú ẹsẹ̀ pé, "Àǹtí Kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, ìlà kan ṣófo níbi orúkọ àwọn ọmọ. Ṣé fáìlì yín ti bàjẹ́ ni?"

Ìdáhùn mi nìyí, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín kà á. Fáìlì náà ò bàjẹ́. Òòfà ò mú orúkọ yẹn, òjò ò pa á, ẹlẹ́pà ò sì jẹ̀bi. Bí dískẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ bá yè pàápàá, ẹ ò ní bá a níbẹ̀. Mi ò gbàgbé orúkọ ọmọ náà rí, nítorí mi ò kà á. Mo ṣí ìwé kọjá lórí rẹ̀ kí n lè lọ ta káàdì, mo sì jẹ́ kí bàbá mi máa dúró dè é títí ó fi kú. Ẹ bá mi fi àyè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.